Orin Ìsìnkú Tí Mo Kọ Nínú Wọ́dúróòbù

Inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ròyìn ìlú òkèèrè sábà máa ń fi yìnyín bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn lọ́jọ́ tí àwọn dé. Òtútù mú èmi náà, ṣùgbọ́n òtútù kọ́ ló ń bí mi nínú. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ìyá mi kú ní Kabba, wọ́n fẹ́ gbé e lọ sin sí Òkè-Bùkún, èmi àkọ́bí rẹ̀ sì jókòó sínú yàrá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mò ń bá kọ̀ǹpútà jà nítorí pé ó ní kí n kọ́kọ́ yan irú orin tí mo fẹ́ kọ.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rín in. Èmi náà padà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́sẹ̀ yẹn.

Ìdí tí mi ò fi lè lọ sílé kò gba àlàyé gígùn. Ìwé tí mo fi béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa gbé ìlú wọn ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba. Bí mo bá jáde kí wọ́n tó dáhùn, wọ́n á kà á sí pé mi ò fẹ́ mọ́, mi ò sì ní ráàyè padà wọlé. Gbogbo ọdún tí mo ti fi wẹ àwọn arúgbó wọn, tí mo fi pààrọ̀ aṣọ ìlédìí wọn, á kàn di òfo bẹ́ẹ̀. Agbẹjọ́rò ló sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, ó ní òun bá mi kẹ́dùn, ó sì béèrè bóyá mo tún ní ìbéèrè míì. Ìbéèrè kan náà ni mo tún bi í. Ìdáhùn kan náà ló fún mi.

Mo lọ bá ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, mo ní kó fún mi láyè lọ́jọ́ ìsìnkú, kí n lè jókòó ti fóònù mi. Ó ní ṣé ibí ni wọ́n ti fẹ́ sin ín ni. Mo ní rárá. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni mo fẹ́ fi ọjọ́ náà ṣe? Kò pariwo mọ́ mi o, ó tiẹ̀ rọra fọwọ́ kàn mí léjìká. Ọwọ́ yẹn ló dùn mí jù.

Ní agbo ilé tiwa ní Òkè-Bùkún, ní ilẹ̀ Bùnù, bí ìyá tó dàgbà bá kú, orin kan wà tí àwọn obìnrin ilé máa ń kọ kí wọ́n tó gbé òkú kúrò lójúde. Onígbàgbọ́ ni gbogbo wa, àlùfáà á ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú Bíbélì rẹ̀, á máa wo aago, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí àlùfáà tó láyà láti ní kí wọ́n dákẹ́. Ọmọbìnrin tó jẹ́ àkọ́bí olóògbé ló máa ń lé orin náà. Ìbéèrè ni gbogbo ohun tó ń lé. Á ní, "Ta ló gbé àga ìyá mi?" Àwọn obìnrin á gbè é pé, "Kò sẹ́ni tó gbé e, òun ló dìde." Á ní, "Ta ló pa iná ìyá mi?" Wọ́n á ní, "Kò sẹ́ni tó pa á, ilẹ̀ ló mọ́." Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn títí orin náà á fi parí, wọ́n á wá gbé àpótí, wọ́n á da aṣọ pupa tí àwọn ìyá wa hun bò ó, wọ́n á máa lọ.

Bí wọ́n bá gbé ìyá kan jáde láìsí ohùn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n á sin ín náà. Wọ́n á jẹun, wọ́n á mu, oníkálùkù á gba ilé rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún mélòó kan sí i, bí wọ́n bá ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, ẹnì kan á ní, "Ìyá yẹn, àbí kò bímọ ni?" Mo ti gbọ́ ọ rí nípa ìyá ẹlòmíì. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ nípa tèmi.

Àbúrò mi Táyọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Kabba, ní kò sí wàhálà kankan níbẹ̀. "Àǹtí, ẹ ṣáà kọ ọ́ sórí fóònù yín kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Màá gbé e sórí sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo èèyàn á gbọ́."

Mo kọ ọ́ sórí fóònù, mo fi ránṣẹ́. Ìyá Ayéwà ló pè mí padà. Àbúrò ìyá mi ni, Ayéwà ni wọ́n fẹ́ ẹ sí, orúkọ ìlú náà la fi ń pè é láti kékeré. Nísinsìnyí tí ìyá mi ti lọ, òun ló kù tó lè sọ̀rọ̀ lórí orin yẹn kí ẹnu ọmọdé pa mọ́.

"Okun o, ọmọ mi." Okun la fi ń kíra wa nílé, ní ayọ̀ àti ní ìbànújẹ́.

"Okun, Mọ́mì."

"Ohùn tó o fi ránṣẹ́ yìí, ṣé inú ìkòkò lo wà ni? Ìdajì rẹ̀ ni mo gbọ́. Kí ló tún ń kùn lẹ́yìn rẹ yẹn?"

"Fíríìjì ni, Mọ́mì. Ara ògiri yàrá mi ló wà."

"Sọ fún fíríìjì pé ìyá tiẹ̀ kọ́ ló kú. Tún un kọ."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá áàpù ìgbohùnsílẹ̀ kiri nìyẹn, èmi tí mi ò fi kọ̀ǹpútà ṣe nǹkan kan ju kí n fi wo fíìmù lọ.

Ẹni tó kọ́kọ́ ràn mí lọ́wọ́ ni Akosua, ọmọ Gánà tá a jọ ń gbé ilé náà. Ó máa ń ṣe fídíò irun dídì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì ní máíìkì kékeré kan tó ń so mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó yá mi ní máíìkì náà, ó sì ní kí n kó sínú wọ́dúróòbù láti kọrin, pé aṣọ tó wà níbẹ̀ kì í jẹ́ kí ohùn máa ta padà. Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Kò bá mi ṣeré. Mo ti ẹ̀wù òtútù mi sápá kan, mo jókòó sórí àpótí bàtà, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo orí, mo gbé kọ̀ǹpútà lé itan. Bí ìyá mi bá rí mi níbẹ̀, á ní kí ni mo jí tí mo fi ń sá pamọ́.

Áàpù àkọ́kọ́ lẹ́wà bí ìyàwó tuntun. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n kọ gàdàgbà sí iwájú rẹ̀. Mo kọ orin mi, mo tún un kọ, omi bọ́ lójú mi, mo nu ojú, mo tún un kọ títí ó fi dáa. Nígbà tí mo fẹ́ gbé e jáde kí n fi ránṣẹ́ sílé, ó ní àfi kí n sanwó. Kíkọ ló jẹ́ ọ̀fẹ́, gbígbé e jáde kọ́. Mo wò ó títí. Irú ọ̀fẹ́ wo nìyẹn? Ó ní bí mi ò bá fẹ́ sanwó, òun lè fún mi ní èyí tí èèyàn fi ń dán an wò. Mo ní kó fún mi. Mo wá tẹ́tí sí i. Bí mo ṣe bi wọ́n pé ta ló gbé àga ìyá mi, ohùn obìnrin òyìnbó kan já wọ àárín orin náà, ó fi ẹ̀rín músẹ́ sọ pé áàpù ìdánwò ni mò ń lò, pé kí n lọ ra ojúlówó. Mo dúró dé ìbéèrè kejì. Ó tún wọlé.

Mo ti kọ̀ǹpútà pa, mo sì ṣépè fún ẹni tó ṣe é. Mi ò ní sọ èpè náà níbí, nítorí pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí.

Èkejì kò gba pé kéèyàn gbé e sórí kọ̀ǹpútà rárá, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà. Ó gba orúkọ mi, ó gba ọjọ́ ìbí mi, ó gba ìlú tí mo ń gbé. Lẹ́yìn náà ló wá ní kí n yan irú orin tí mo fẹ́ kọ. Ó to orúkọ orin jọ síwájú mi: ti ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú, ti ijó alẹ́, ti àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó ń sọ̀rọ̀ kíákíá, títí dé irú kan tó jẹ́ pé ariwo lásán ni. Mo wò ó látòkè délẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ "Òmíràn" sí. Ibẹ̀ náà ni mo tẹ̀, kí lèmi fẹ́ ṣe? Òmíràn náà ni mo máa ń tẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti bi mí nípa èdè mi. Nílé gan-an, ará Àríwá ni wọ́n kà wá sí, àwọn ará Àríwá ní Yorùbá ni wá, àwọn Yorùbá ìsàlẹ̀ sì máa ń béèrè bóyá Haúsá la fi ń bára wa sọ̀rọ̀ nílé. Ó ti mọ́ mi lára. Ṣùgbọ́n ti ìyá mi yìí, mi ò rò pé wọ́n á tún fi Òmíràn bá a dé ibẹ̀.

Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ tán, áàpù náà fi ìlù sí i fúnra rẹ̀. Mi ò ní kó fi ìlù sí i. Mo pa ìlù náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan kan dún kọ́, kọ́, kọ́, kí n lè mọ ìgbà tó yẹ kí n mí. Èmi tí ìyá mi kọ́ lórin láti inú oko ẹ̀gẹ́, ẹ̀rọ ló fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mí. Mo jáde kúrò níbẹ̀. Títí dòní wọ́n ṣì máa ń kọ̀wé sí mi pé orin mi ń dúró dè mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní ìlú yìí. Ilé tí wọ́n ń tọ́jú àwọn arúgbó sí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí ìyá kan fi kú, ìyá tó fẹ́ràn kí n máa bá òun ya irun. Àwọn ọkùnrin méjì tó wọ kóòtù dúdú wá gbé e, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn tí a ń gbà kó ìdọ̀tí jáde ni wọ́n gbé e gbà. Wọ́n rọra rìn, wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n ti ní ká ti ilẹ̀kùn gbogbo yàrá kí àwọn yòókù má bàa rí i. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ẹlòmíì ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ìbẹ̀rù kan mú mi lọ́jọ́ náà tí mi ò lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Mo pe ìyá mi lórí fóònù, mo ní, "Mọ́mì, wọn ò kọ orin kankan o." Ó ní, "Má jẹ́ kó bá ẹ níbẹ̀." Ọ̀rọ̀ ikú tèmi ló ń sọ. Bẹ́ẹ̀, tiẹ̀ ló ń bọ̀.

Orúkọ tó wà lórí báàjì mi níbi iṣẹ́, ìdajì orúkọ mi ni. Wọ́n ní odindi rẹ̀ gùn jù. Ìdajì yẹn náà, wọn ò lè pè é, wọ́n wá fi lẹ́tà kan péré pè mí. Akosua ń pè mí ní "Sísítà". Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú, kò sí ẹni tó pe odindi orúkọ mi sí mi létí nínú ilé yìí.

Áàpù kẹta kò lẹ́wà rárá. Ó rí bí rédíò àtijọ́, ó rí ràdàràdà, àmì pọ̀ lójú rẹ̀. Àwọn èèyàn kan ló jọ ń ṣe é fún gbogbo ayé, wọn ò tà á, wọn ò béèrè orúkọ mi. Mò ń wá ibi tí ẹ̀tàn wà nínú rẹ̀, mi ò rí i. Bọ́tìnì pupa kan wà níbẹ̀, bí mo bá tẹ̀ ẹ́, á máa gba ohùn mi sílẹ̀. Bí mo bá ní kó gbé e jáde, á gbé e jáde. Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ara mi nínú rẹ̀, ó mọ́ kedere, kò sí òyìnbó kankan láàárín rẹ̀.

Fíríìjì nìkan ló kù. Áàpù náà ní ohun tó ń yọ ariwo kúrò. Ohun tó béèrè ni pé kí n fi ibi tí mi ò ti sọ̀rọ̀ hàn án, kó lè mọ ohun tí ariwo jẹ́. Mo fi ibì kan hàn án láàárín ìbéèrè méjì. Mi ò mọ̀ pé mò ń fa ikun ẹkún símú níbẹ̀. Ó kọ́ ẹkún mi pé ariwo ni. Ó wá yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo orin náà pátá, ó bá a fa díẹ̀ nínú ohùn mi lọ, ohun tó kù wá dà bí ti ẹni tó wà lábẹ́ omi. Mo kígbe mọ́ ọn. Mo ní, "Ta ló bẹ̀ ẹ́!" Akosua sáré wọlé, ó rò pé mo ṣubú nínú wọ́dúróòbù. Mo tẹ bọ́tìnì tó ń dá nǹkan padà, ẹkún mi padà síbẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo lọ yọ wáyà fíríìjì lára ògiri, ọbẹ̀ ẹ̀pà Akosua sì bàjẹ́, ó bá mi jà gidi gan-an.

Nígbà tí mò ń wò ó síwájú sí i, mo rí i pé áàpù náà lè gba ohùn kan lé orí òmíràn. Mo lé orin, mo tún padà wá gbè é. Mo gbè é pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀, mo gbè é pẹ̀lú ohùn òkè. Mo fi ohùn Ìyá Ayéwà gbè é, ohùn rẹ̀ tó máa ń fọ́ díẹ̀ lápá òkè. Mo wá fi ohùn ìyá mi náà gbè é. Mo lè sín in jẹ, láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé ni mo ti máa ń sín in jẹ tí á fi lé mi kiri ojúde pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Nígbà tí mo ní kí gbogbo rẹ̀ dún pọ̀, ẹ gbà mí, odindi agbo ilé obìnrin ló wà nínú wọ́dúróòbù yẹn. Mi ò tíì gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí. Akosua gbọ́ ọ, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó dárí ọbẹ̀ jì mí.

Mo fi ránṣẹ́ sílé pẹ̀lú ìgbéraga. Mo jókòó, mò ń retí kí wọ́n yìn mí.

"Okun o," Ìyá Ayéwà ní. Ohùn rẹ̀ kò dùn létí mi.

"Okun, Mọ́mì. Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ. Àwọn wo ló wà lọ́dọ̀ rẹ níbẹ̀? Ṣé ará Bùnù pọ̀ tó báyẹn lọ́hùn-ún?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Èmi ni, Mọ́mì. Èmi nìkan ni gbogbo wọn."

Mo gbọ́ tí ewúrẹ́ kan ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìwọ lo béèrè, ìwọ náà lo dáhùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì. Ẹ̀rọ náà lè ṣe é."

"Àwa ńkọ́?"

Mo gbé fóònù sí etí kejì.

"Mo ní àwa ńkọ́? Ká jókòó sójúde ká máa gbọ́ rédíò? Ìyá rẹ nìkan ló kú ni, àbí gbogbo wa la jọ kú? Ibi ìparí yẹn, níbi tó o ti ń béèrè pé ta ni yóò máa pè ọ́, ta lo ní kó pè ọ́ níbẹ̀?"

Ibi tó ká mi mọ́ gan-an nìyẹn. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn orin náà yàtọ̀ sí àwọn yòókù. Ọmọ olóògbé á ní, "Ta ni yóò máa pè mí?" Kò sí ègbè kan pàtó fún un. Obìnrin kọ̀ọ̀kan tó wà lójúde á pè é ní orúkọ tí òun fi ń pè é, ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ á pe èyí tó sọ ọ́, ẹni tó ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ á pe ti ẹ̀fẹ̀, títí á fi kárí. Èmi ti pe gbogbo orúkọ mi fúnra mi nínú wọ́dúróòbù, ní oríṣiríṣi ohùn. Nígbà tí mò ń ṣe é, ara mi kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, mo wá ní ẹ̀rọ lásán ni.

"Ẹ̀yin lẹ ní ohùn mi lẹ fẹ́!" Mo pariwo. Mi ò pariwo mọ́ ọn rí. "Ẹ ní ẹ ò gbọ́, mo wá ẹ̀rọ. Ẹ ní ó ń kùn, mo pa á. Ẹ̀yin wà nílé, ẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ rí ojú rẹ̀. Èmi ló jókòó sórí bàtà nínú òkùnkùn! Kí ni mo tún fẹ́ ṣe fún yín?"

"Ohùn rẹ la ní ká gbọ́," ó ní. "A ò ní kó o fi dí wa lẹ́nu. Ṣé o ò ní ẹnì kankan ni?"

Mo pa fóònù mọ́ ọn létí. Mo ju máíìkì Akosua sórí bẹ́ẹ̀dì, mo jáde, mò ń rìn kiri àdúgbò bí ẹni tó ń wá ẹni tó máa gbá létí.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé òótọ́ ló sọ. Ó wá yé mi bí mo ṣe ń rìn pé kì í ṣe inú áàpù yẹn ni mo ti kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bi ara mi ní ìbéèrè tí mo sì ń dá ara mi lóhùn. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, èmi ni mo máa ń kí ara mi káàbọ̀. Màá ní, "Ṣé iṣẹ́ dáa?" Màá ní, "A dúpẹ́." Bí mo bá gbá ẹsẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì, èmi ni màá ní pẹ̀lẹ́, èmi ni màá ní ó ṣeun. Mo máa ń se oúnjẹ, màá sì yin ọwọ́ ara mi. Mo tiẹ̀ ti ń fi í yangàn lórí fóònù pé mi ò nílò ẹnikẹ́ni. Ìlú yìí ti kọ́ mi ní nǹkan náà débi pé mo kó o lọ sídìí òkú ìyá mi, mi ò sì mọ̀ pé ó burú. Mo bínú sí ìlú náà, mo bínú sí àwọn tó ń mú ìwé mi lọ́wọ́, mo bínú sí Ìyá Ayéwà tó rí i, mo wá bínú sí ìyá mi náà pé kò dúró dè mí. Kò sí ẹni tí mi ò bínú sí lọ́jọ́ yẹn. Ajá kan gbó mọ́ mi lẹ́nu géètì, mo gbó mọ́ ọn padà.

Ìyá Ayéwà ló tún pè lọ́jọ́ kejì.

"Ṣé inú rẹ ti rọ̀?"

"Kò tíì rọ̀."

"Ó dáa. Fi inú bíbí náà lé e. Ta ló ní kó o fi ẹ̀rín lé orin ìsìnkú?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Ó jẹ́ kí n sunkún, kò ní kí n dákẹ́, ó kàn ń ní, "Okun, okun o," lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó tó, mo bi í ní ohun tó ń dà mí láàmú.

"Mọ́mì, bí mo bá yọ ègbè kúrò, báwo ni mo ṣe máa fi àyè sílẹ̀ fún yín tó? Ẹ̀rọ náà fẹ́ mọ iye rẹ̀."

"Báwo lèmi náà ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ọjọ́ náà la ó mọ̀ ọ́n. Bó bá dun àwọn obìnrin wọ̀nyí, wọ́n lè gbè é títí àlùfáà á fi wá ibi jókòó."

Bí a ṣe ṣe é nìyí. Mo wọ inú áàpù lọ, mo pa àwọn ohùn tó ń gbè rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tìyá mi ni mo fi gbẹ̀yìn. Ọwọ́ mi dúró lórí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo wá pa á rẹ́. Mo tún wọ wọ́dúróòbù, mo tún orin náà lé láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìbínú mi lódindi. Àwọn ìbéèrè yẹn wá jáde lẹ́nu mi bí ìbéèrè. Ta ló gbé àga ìyá mi? Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Mo gé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Táyọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbé ọ̀kan sórí sípíkà, kó dúró títí àwọn obìnrin á fi gbè é tán, kó tó gbé òmíràn sí i. Ó ní, "Báwo lèmi á ṣe mọ̀ pé wọ́n ti gbè é tán?" Mo ní kó wo ojú Ìyá Ayéwà.

Ọjọ́ ìsìnkú pé. Ọ̀gá mi kò yí ohùn padà, ọ̀sán ni mo gbọ́dọ̀ wọlé iṣẹ́. Ibùdókọ̀ ni mo wà nígbà tí Táyọ̀ pè, ó fi fóònù kejì rẹ̀ sọ́wọ́ ẹnì kan lójúde kí n lè máa gbọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Òkè-Bùkún kì í dáa, mo rò pé kò ní gbé e. Ó gbé e. Mo gbọ́ ariwo ẹsẹ̀, mo gbọ́ tí àwọn èèyàn ń kí ara wọn, mo gbọ́ àlùfáà tó ń tún ọ̀fun ṣe. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ara mi láti inú sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ jìnnà, ó le, ó ń béèrè pé ta ló gbé àga ìyá mi.

Wọn ò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Mo rò pé wọ́n kọ̀ ọ́, mo rò pé wọ́n ní àwọn ò lè gbe orin lẹ́yìn ẹ̀rọ. Ìgbà náà ni obìnrin kan bẹ̀rẹ̀, ohùn tó fọ́ díẹ̀ lápá òkè, gbogbo wọn sì bọ́ sí i lẹ́yìn rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó gbé e." Wọ́n gbè é, wọ́n tún un gbè, wọn ò fẹ́ fi í sílẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní, "Táyọ̀, gbé ọwọ́ rẹ kúrò níbẹ̀, a ò tíì ṣe tán." Ohun tí mo ti ń wá láti ọjọ́ tí wọ́n ti pè mí pé ó kú nìyẹn, kí ẹnì kan tó yàtọ̀ sí mi sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó gbé e.

Ó dé ìbéèrè tó gbẹ̀yìn. Ohùn mi nínú sípíkà ní, "Ta ni yóò máa pè mí?" Ìyá Ayéwà pe orúkọ tí ìyá mi sọ mí. Ìyàwó bàbá mi kékeré pè mí ní èyí tí wọ́n fún mi nítorí pé mo pẹ́ kí n tó rìn. Òmíràn pè mí ní orúkọ ẹ̀fẹ̀ kan tí mo ti gbàgbé pátápátá, àwọn kan rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. Àwọn tí mi ò mọ ohùn wọn náà ń pè mí, àwọn ìyàwó tí wọ́n fẹ́ wọlé lẹ́yìn tí mo lọ, tí wọn ò rí mi rí.

Bọ́ọ̀sì dé. Ó ṣí ilẹ̀kùn, awakọ̀ wò mí, ó bi mí bóyá mò ń bọ̀. Mo gbé ọwọ́ sókè sí i pé kó dákẹ́. Ó tún bi mí. Ojú mi kún fún omi, inú sì ń bí mi sí i gan-an pé kò lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan kí n gbọ́ èyí tó kàn. Mo sọ fún un ní èdè ilé wa pé kó máa lọ, wọn ò tíì pè mí tán.

Ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó lọ.